Wọ́n fẹ́ fi ọgbà ìgbafẹ́ àdúgbò wa ṣòwò: kí ni a lè ṣe?

Ìbéèrè: Ìgbìmọ̀ ìlú wa fẹ́ fi apá kan ọgbà ìgbafẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń lò háyà fún ilé-iṣẹ́ kan tí yóò kọ́ ilé oúnjẹ àti gbọ̀ngàn àríyá síbẹ̀. Àwa ará àdúgbò kò fara mọ́ ọn. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ariwo àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń ká yín lára jù, nítorí ilé-iṣẹ́ náà lè ṣèlérí pé àwọn yóò máa tètè pa orin, ẹnu yín a sì wọhò. Ìwé tí ilẹ̀ náà fi di ti gbogbogbò ni kí ẹ kọ́kọ́ wá: ta ló yọ̀ǹda rẹ̀, kí ló ní kí a máa fi í ṣe, ṣé òfin sì fún ìgbìmọ̀ láṣẹ láti fi í háyà? Ní Chicago, àkọlé kan lórí àwòrán ilẹ̀ ọdún 1836, tó ní kí ibi tí a ń pè ní Grant Park lónìí wà ní gbangba títí láé láìsí ilé kankan níbẹ̀, ni Montgomery Ward dì mú tó fi bá ìjọba ìlú náà ṣẹjọ́ láti 1890 títí di 1911, tó sì jàre (oníṣòwò paraku sì ni òun fúnra rẹ̀).

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ ìlànà wò. Ní Shrewsbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìgbìmọ̀ ìlú ta apá kan pápá ìṣeré láì kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ 2 léraléra bí òfin ṣe wí; ní 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé àṣẹ ìkọ́lé tí wọ́n ti fún ẹni tó rà á, nítorí pé títà náà kò pa ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ilẹ̀ náà rẹ́.

Kì í ṣe gbogbo òwò ni ẹ ó lè lé jáde, n kò sì rò pé ó yẹ. Ìsọ̀ kékeré tó ń ta omi àti ìpápánu fún àwọn tó wá ṣeré ń ran ọgbà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí wọ́n mọ odi yí ká, tí ẹni tí kò sanwó kò lè wọ̀, ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ aráàlú. Nítorí náà, ẹ bèèrè fún ẹ̀dà àdéhùn náà, kí ẹ wo iye ọdún tó wà níbẹ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹnubodè yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sún àdéhùn síwájú. Ọdún 5 tí ilé-iṣẹ́ nìkan lè máa sún síwájú lè di 25.

Ẹ má sì jẹ́ kí àkókò kọjá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ 6 péré ni ẹni tó fẹ́ tako àṣẹ ìkọ́lé ní láti fi dé ilé ẹjọ́. Ẹ wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ilẹ̀ kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kó ìwé ilẹ̀ náà àti àwòrán rẹ̀ dání lọ bá a.