Ta ló ni ààfin Neuhardenberg ní Jámánì, kí ni wọ́n sì ti lò ó fún?

Ẹgbẹ́ àwọn báńkì ìfowópamọ́ Jámánì, Sparkasse, ló rà á ní 1997, hòtẹ́ẹ̀lì àti ibi tí wọ́n ti ń ṣeré orin àti àfihàn ló sì jẹ́ láti 2002.

Abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Brandenburg, lápá ìlà-oòrùn Berlin, ló wà. Quilitz ni wọ́n ń pe ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, Ọba Frederick Kejì ti Prussia, ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, ló fi ta ọmọ ogun rẹ̀ kan, Prittwitz, lọ́rẹ torí pé ó yọ ọba nínú ewu lójú ogun Kunersdorf ní 1759. Nígbà tó di 1814 ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ Hardenberg, olórí ìjọba Prussia, orúkọ rẹ̀ ni abúlé ń jẹ́ lónìí, kódà ọkàn rẹ̀ gan-an, èyí tó máa ń lù kìkì láyà, wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀.

Ibi tó dunni jù ni 1944: wọ́n mú Carl-Hans von Hardenberg, ẹni tó ni ààfin nígbà náà, torí ó wà lára àwọn tó fẹ́ pa Hitler, wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Sachsenhausen, ìjọba Násì sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Ó yè é, àmọ́ àwọn Kọ́múníìsì tó gba àkóso ìlà-oòrùn Jámánì náà ò dá dúkìá yẹn padà lẹ́yìn ogun, wọ́n sọ abúlé di Marxwalde ní 1949, àwọn ọmọ iléèwé sì ń kàwé nínú ààfin. Ẹ̀yìn tí Jámánì padà di ọ̀kan ni ẹbí tó rí i gbà, àwọn ló wá tà á.