Kókó tí kò dùn ẹ́ yẹn, má fi falẹ̀

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní ọmọ ọdún 34 ni ẹ́, ọwọ́ rẹ bà kókó kan bí ẹ̀wà nínú ọmú òsì nígbà tí o ń wẹ̀, kò dùn ẹ́ rárá. Ìyá ọkọ rẹ ní omi ọmú tó dì ni, torí kò tíì pẹ́ tí o já ọmọ lẹ́nu ọmú. O wá ń bèèrè bóyá kí o dúró di ẹ̀yìn ọdún Iléyá. Jọ̀wọ́, má dúró. Ọ̀sẹ̀ yìí ni kí o lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí jẹjẹrẹ ọmú tèmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lọ́dún 2016, nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún 43. Ohun tó dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé n kò mọ̀. Ní oṣù October tó ṣáájú, oṣù ìlanilọ́yẹ̀ lórí jẹjẹrẹ ọmú, mo wọ ẹ̀wù aláwọ̀ pínńkì tí wọ́n fi ń sàmì rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íbàdàn, nọ́ọ̀sì kan dúró níwájú wa, ó ń fi bí a ṣe ń yẹ ọmú ara ẹni wò hàn wá. Nígbà tó ní ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè ní jẹjẹrẹ ọmú, gbogbo wa ta ìka yí orí ká: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Mo gbàdúrà, mo ṣì ń gbàdúrà. Àṣìṣe mi ni pé mo gbà pé àdúrà yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi wá bà kókó, n kò lè pe orúkọ rẹ̀ fún ara mi pàápàá. "Nǹkan yìí" ni mo ń pè é.

Oṣù méje ni mo fi mu agbo. Ẹnì kan ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni, mo sì gbà bẹ́ẹ̀, torí ọ̀tá rọrùn fún mi láti gbà ju àìsàn lọ. Mo ṣì ń gbé ẹrù aṣọ ní ọjà Gbági, nǹkan kan ò dùn mí. Jẹjẹrẹ kì í sábà dùn ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí awọ tó rí bí èèpo ọsàn, kí orí ọmú tó fà wọlé, ó ti rìn jìnnà. Tèmi ti dé abíyá kí n tó lọ.

Wọ́n á sọ fún ẹ pé bí abẹ́rẹ́ bá kàn án, á tàn ká. Èmi náà gbà á gbọ́, mo sá kúrò lórí ìlà lẹ́ẹ̀kan. Irọ́ ni. Àwa la máa ń pẹ́ dé ilé ìwòsàn, ó ti tàn kí abẹ́rẹ́ tó dé ibẹ̀, abẹ́rẹ́ la wá ń dá lẹ́bi. Àwọn dókítà á pa ibẹ̀ kú kó má bàa dùn ẹ́, wọ́n á mú ẹran tín-ín-rín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kò pẹ́ rárá.

Ní ọjọ́ orí tìrẹ, dókítà á kọ́kọ́ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣeé ṣe kó ní kí o lọ ṣe síkáànù bíi ti aboyún, torí ọmú ọ̀dọ́ ki, màmógíráàmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ọmú, kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní o kéré jù fún irú àìsàn yìí, lọ síbòmíràn. Ọ̀pọ̀ kókó kì í ṣe jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ ìyá sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán ò lè mọ̀ ọ́n, yálà ọwọ́ tiwọn tàbí tèmi. Gba èsì rẹ lórí ìwé. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wá tèmi tì.

Wọ́n fún mi ní kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, wọ́n gé ọmú ọ̀tún, wọ́n fi iná ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní radiotherapy jó ibẹ̀, mo sì lo oògùn tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Mo rò pé ọkọ mi á sá. Òun ló ń bá mi tú báńdéèjì.

Àwọn tó bá kú ni a ń sọ̀rọ̀ wọn wúyẹ́wúyẹ́, àwọn tó yè á fi pamọ́, a wá rò pé kò sẹ́ni tó ń yè é. Betty Anyanwu-Akérédolú, tó padà di ìyàwó gómìnà Oǹdó, ní in lọ́dún 1997. Kò fi pamọ́, ó dá BRECAN sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó wà lọ́kàn mi ní oṣù méje yẹn.

Má bá ìyá ọkọ rẹ jà. Sọ fún wọn pé o fẹ́ mọ̀ bóyá omi ọmú ni lóòótọ́, kí o ní kí wọ́n bá ẹ lọ. Bí o bá ti débẹ̀, jẹ́ kí n gbọ́.