Ṣé lóòótọ́ ni absinthe máa ń da orí ènìyàn rú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé ní Faransé mú ìgò absinthe kan, ọtí líle kan, bọ̀ wálé. Ìyàwó mi ní kí n dà á nù, ó ní òun gbọ́ pé ìjọba ti fòfin dè é rí torí pé ó ń sọ ènìyàn di wèrè. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé ewé ibà ló wà nínú rẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ìyàwó yín ò purọ́. Wọ́n fòfin dè é lóòótọ́, òfin náà tiẹ̀ kan ilẹ̀ wa. Nínú àdéhùn tí àwọn ìjọba amúnisìn fọwọ́ sí lọ́dún 1919 lórí òwò ọtí ní Áfíríkà, wọ́n dárúkọ absinthe àti thujone, èròjà inú ewé tí wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n ní ó ń da orí rú, mọ́ ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ apòògùn gbà pé wọn ò dá ẹjọ́ náà ire.

Swítsàlandì ni ọtí yìí ti wá. Wọ́n á rẹ ewé kan tó korò bí ewúro, pẹ̀lú èso olóòórùn dídùn bíi anísì, sínú ọtí líle, wọ́n á gbé e kaná kí oru rẹ̀ padà di omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe ògógóró wa. Àwọn ọmọ ogun Faransé mu ún ní Àlgéríà kí ibà má bàa mú wọn, ó sì mọ́ wọn lára dé ilé. Nígbà tó yá, kòkòrò kan jẹ gbòǹgbò àjàrà run ní Faransé, wáìnì wá di ọ̀wọ́n, ni tálákà bá yí sí absinthe.

Lóṣù kẹjọ ọdún 1905, ní abúlé Commugny ní Swítsàlandì, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean Lanfray yìnbọn pa ìyàwó rẹ̀ tó lóyún àti ọmọbìnrin wọn méjèèjì. Ó ti ń mutí láti àárọ̀: wáìnì rẹpẹtẹ, brandy, àtàwọn mìíràn. Absinthe tó mu kò ju ife méjì lọ. Síbẹ̀ absinthe ni gbogbo ìlú dìde sí, àwọn tó lé ní 80,000 sì fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n fòfin dè é. Ìbò ará ìlú gbè é lẹ́yìn lọ́dún 1908. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e lọ́dún 1912, Faransé lọ́dún 1915. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan wáìnì. Ó ń dùn mí títí dòní pé ikú obìnrin náà àtàwọn ọmọ rẹ̀ kò kọ́ wọn ní nǹkan kan nípa ìmutípara.

Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà gbé àyẹ̀wò ìgò mẹ́tàlá tó ti wà ṣáájú òfin jáde. Bí a bá pín in dọ́gba láàárín àwọn ìgò náà, thujone inú lítà kan jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 25, ti ìgò tó ní in jù sì jẹ́ 48. Kó tó pọ̀ tó ohun tó lè ṣe yín ní jàǹbá, ọtí fúnra rẹ̀ á ti gbé yín ṣubú. Nígbà yẹn, Swítsàlandì ti dá a padà (lọ́dún 2005), Amẹ́ríkà náà lọ́dún 2007. Faransé fagi lé òfin tirẹ̀ lọ́dún 2011. Ìwọ̀n thujone tó lè wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ báyìí.

Torí náà, ẹ má dà á nù, ṣùgbọ́n ẹ wo ara ìgò: ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń ní ọtí tó tó ìdá 45 sí 74 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá bu ìwọ̀n kan, ẹ fi omi tútù mẹ́ta sí márùn-ún là á. Á funfun bí omi ògì. Òróró anísì ló fà á, kò bàjẹ́.

Ní ti ibà, ẹ sọ fún àbúrò yín pé mọ̀lẹ́bí ni ewé inú absinthe àti Artemisia annua tí wọ́n ń fi ṣe oògùn ibà òde òní, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ibà bá ń ṣe yín, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹ má sì ra òróró ewé inú absinthe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi po ọtí. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà mu ún, kíndìnrín rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ní wárápá àti aláboyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan absinthe rárá. Bí ẹ bá ń lo oògùn kankan lójoojúmọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó ṣí ìgò náà.