Ta ló ni ìlà? Ìdáhùn fún ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà lórí suwé

Ìyá kan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yábàá. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fa suwé sí àárín ọgbà ilé. Ọmọkùnrin náà tẹ ìlà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ti kú. Òun ní rárá, kóòṣì àwọn ti kọ́ àwọn pé ohun tó bá bọ́ sórí ìlà, inú ló wà. Ọ̀rọ̀ di ẹkún. Ìyá wọn wá béèrè pé: ta ló jàre? Àfọ́kù tó bá bọ́ sórí ìlà suwé ńkọ́? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń pe ìlà baseball yẹn ní foul line, tí bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sórí rẹ̀ kì í ṣe foul, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó bọ́ síta?

Màmá, àwọn méjèèjì ló jàre, kálukú nínú eré tirẹ̀. Ṣùgbọ́n suwé ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ló borí.

Ẹ̀yin náà ti fò suwé rí. Ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì fà á sórí sìmẹ́ńtì, tí a ó sì fi igi fà á bó bá jẹ́ orí yanrìn. Yàrá mẹ́fà níbòmíràn, mẹ́jọ níbòmíràn. A ó ju àfọ́kù sí yàrá kan, a ó máa fi ẹsẹ̀ kan fò lọ, a ó fò bọ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ti kan ìlà báyìí, gbogbo ọmọ tó wà nítòsí á pariwo pé, “O ti tẹ ìlà!” Ẹni tó bá fò yíká láìṣẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí suwé, á ju àfọ́kù rẹ̀ gba orí èjìká, yàrá tó bá bọ́ sí di ilé rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, òun nìkan ló lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì sinmi níbẹ̀. Àwọn tó kù á máa fò ó kọjá, àfi bó bá gbà wọ́n láàyè.

Ilé yẹn ló sọ ìlà suwé di líle. Ìlà kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé tèmi àti ilé tìrẹ. Bí ẹsẹ̀ mi bá dúró lórí rẹ̀, ilé ta ni mo wà? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Nítorí náà, eré náà kò fún ẹnikẹ́ni ní ìlà: ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, kò sí níbì kankan, ó ti kú.

Bí ààlà oko ṣe rí gan-an nìyẹn. Àwọn baba wa máa ń gbin pèrègún sí ààlà, nítorí igi tí kì í tètè kú ni, ewé rẹ̀ sì máa ń hàn yàtọ̀ láàárín igbó. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a ń lò: a ní oko tèmi àti oko lágbájá pààlà. Èèyàn méjì ni ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́; ẹnì kan kò lè dá pààlà. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan kò fi gbọdọ̀ dá hú pèrègún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé baba rẹ̀ ló gbìn ín. Mo gbà pé ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nínú suwé.

Ìlà baseball ní tirẹ̀ dà bíi fẹ́ǹsì. Ní Èkó níbí, tí ẹ bá ra ilẹ̀, sọ̀fíyọ̀ á rì òpó sìmẹ́ńtì kékeré sí àwọn igun rẹ̀. Bí ẹ bá wá fẹ́ mọ fẹ́ǹsì, inú ilẹ̀ tiyín ni bíríkìlà máa to búlọ́ọ̀kù sí. Ínǹṣì mẹ́sàn-án tí búlọ́ọ̀kù náà fẹ̀, ilẹ̀ yín ló jẹ ẹ́, kò jẹ ilẹ̀ aládùúgbò. Fẹ́ǹsì yẹn, tiyín ni, látòkè délẹ̀.

Lórí pápá baseball, ìlà funfun méjì ló ti ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù lọ títí dé òpin pápá. Ọ̀kan gba ọ̀dọ̀ bésì kìíní kọjá, èkejì gba ọ̀dọ̀ bésì kẹta; bésì ni àwọn ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ. Àárín àwọn méjèèjì ni ilé eré, ìta wọn ni foul. Ìlà fúnra rẹ̀, ara ilé ni. Bí ẹfun tí wọ́n fi fa ìlà bá tú fùú lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ẹ̀rí ni pé inú ló bọ́ sí. Òpó gíga kan tún wà ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sábà máa ń kùn ún ní ọ̀dà yẹ́lò, foul pole ni wọ́n ń pè é. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá tó bá fò lọ lu òpó yẹn láìkanlẹ̀, home run ni, èrè tó ga jù nínú eré náà. Bésì kìíní àti ìkẹta pàápàá, inú ilé ni wọ́n tẹ́ wọn sí, bọ́ọ̀lù tó bá kàn wọ́n kì í ṣe foul. Home plate náà, rọ́bà funfun pẹlẹbẹ tó wà níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì ti ní igun márùn-ún láti ọdún 1900, inú ilé ló wà. Ọ̀pọ̀ òǹwòran ló rò pé bọ́ọ̀lù tó bá kàn án ti bàjẹ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti orúkọ tó dà yín láàmú, ẹ wo agboòrùn. Ẹni tó wà lábẹ́ agboòrùn, oòrùn kò pa á. Ohun tó ń dènà ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀n ẹ̀fọn: èèyàn ló ń sùn nínú rẹ̀, ẹ̀fọn ló wà níta. Bí èmi ṣe máa ń ṣàlàyé foul line fún ọmọdé nìyẹn: ìlà tó dá foul dúró sí ìta.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an, kí ẹ fi han ọmọ yín. Bọ́ọ̀lù tó ń yí nílẹ̀, tí kò tíì dé bésì kìíní tàbí ìkẹta, ibi tó bá dúró sí tàbí ibi tí ẹnì kan bá ti fọwọ́ kàn án ni wọ́n fi ń dájọ́ rẹ̀. Ó lè kọ́kọ́ yí jáde síta, kó tún yí wọlé padà. Bó bá dúró sínú, ó ti wà nínú nìyẹn. Ẹ ó rí i tí àwọn àgbàlagbà á tẹ̀ ba lé bọ́ọ̀lù kan lórí, tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án, tí wọ́n á kàn máa wò ó bó ṣe ń yí lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá ìlà. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni wọ́n sì ń wò, wọn kì í wo ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ mú un.

Ẹni tó di igi mú náà ní àpótí tirẹ̀, tí wọ́n fi ẹfun fà, ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 6 ní gígùn. Ìlà àpótí yẹn tún wà lára àpótí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí ìlà, kò ṣẹ̀. Bí gbogbo ẹsẹ̀ kan bá jáde tán, tó sì wà nílẹ̀ níta nígbà tí igi kan bọ́ọ̀lù, ó ti kú.

Ìlà kan tún wà tí àwọn òbí kì í ṣàkíyèsí. Láti ìdajì ọ̀nà lọ sí bésì kìíní, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 45 nínú 90, wọ́n tún fa ìlà kejì sí ìta ti àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà 3 láàárín wọn. Ọ̀nà ẹni tó ń sáré ni, kó má bàa di ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù ní bésì lọ́wọ́. Ó ṣeni láàánú pé ìta ìlà ni ọ̀nà yìí wà, inú sì ni bésì wà, tí ọmọ á fi ní láti yà ní ìṣísẹ̀ tó kẹ́yìn. Ní ọdún 2024, líìgì ńlá Amẹ́ríkà fẹ̀ ẹ́ sí i, wọ́n ní kó lè sáré lórí iyẹ̀pẹ̀ tó wà nínú ìlà pẹ̀lú, títí dé ibi tí koríko ti bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ látijọ́.

Láàárín bésì kìíní sí ìkejì, ẹ kò ní rí ìlà kankan. Ẹni tó ń sáré ló ń fa ìlà tirẹ̀: bí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù bá ti fẹ́ fi kàn án, láti ibi tó wà lásìkò náà lọ tààrà sí bésì ni ọ̀nà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ láti sá fún un.

Kí ọmọbìnrin yín má rò pé suwé nìkan ni ìlà rẹ̀ le. Nínú basketball, ẹni tó bá tẹ ìlà ẹ̀gbẹ́ tòun ti bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ti jáde. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ṣàánú jù: àfi kí gbogbo bọ́ọ̀lù kọjá gbogbo ìlà kí wọ́n tó ní ó ti jáde.

Ẹ tún béèrè nípa àfọ́kù tó bọ́ sórí ìlà suwé. Òun náà ti kú. Ní Muṣin tí a ti dàgbà, bí kò bá hàn dáadáa, ọmọ méjì á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé sìmẹ́ńtì, wọ́n á di ojú kan, wọ́n á fi èkejì wò bóyá ìmọ́lẹ̀ wà láàárín àfọ́kù àti èédú. Bí wọ́n bá rí ìmọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó fò.