Ẹ má tíì patch kernel nítorí káàdì fóònù: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín dáadáa: káàdì 128GB tó ti inú fóònù oníbàárà wá, Debian 10 (irú Linux kan), kernel (ọkàn ètò náà) 4.19, bí ẹ bá sì ti fi káàdì sínú ẹ̀rọ, `unknown filesystem type 'exfat'` nìkan ló ń sọ (exFAT ni ọ̀nà tí káàdì náà fi ń to fáìlì). Ẹ kò lè gba kernel tuntun nítorí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń tẹ fọ́tò kò bá òmíràn ṣiṣẹ́. Ẹnìkan wá ní kí ẹ lọ patch kernel, ìyẹn kí ẹ lẹ àtúnṣe mọ́ code rẹ̀. Èmi ti ṣe é rí. Ó ṣiṣẹ́, ó sì ba fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi jẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni. Dípò kí n compile (sọ code di ohun tí ẹ̀rọ lè lò) module exFAT nìkan, ìyẹn ẹyọ apá kernel tó ń ka exFAT, gbogbo kernel ni mo dáwọ́ lé, lórí láptọ́ọ̀pù àlòkù oní-core méjì. Nígbà àkọ́kọ́ iná lọ, bátìrì sì kú kí n tó tan jẹnẹrétọ̀. Ìgbà kejì, ó kọ̀ láàárín ọ̀nà. Wọ́n kọ patch tí mo rí fún kernel tó ti dàgbà ju tèmi lọ, bẹ́ẹ̀ láti 4.18 ni àkókò ara fáìlì ti kúrò ní `timespec` bọ́ sí `timespec64`, ni compiler bá ń pariwo. Ìyẹn kò le, mo tún un ṣe. Èyí tó pa mí lára ni hunk méjì (ègé patch) tí `patch` kọ̀ láti gbà, tó jù sínú fáìlì `.rej`. Mo wá ibi tó jọ ibi tó yẹ, mo fọwọ́ ara mi lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí apá tó ń tọ́jú allocation bitmap.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bitmap yẹn jẹ́, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ó dà bí ìwé tí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì fi ń mọ yàrá tó ṣófo. Nínú FAT32, ẹ̀gbọ́n exFAT, tábìlì FAT fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà, òun náà ló sì ń sọ apá fáìlì tó tẹ̀ lé ara wọn. exFAT ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀, tí fáìlì bá sì jókòó pọ̀ láìfọ́n káàkiri, kì í tilẹ̀ kọ ọ̀wọ́ rẹ̀ sínú FAT rárá. Nítorí náà tí bitmap bá parọ́, driver (apá kernel tó ń ka káàdì) kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn tí yóò bi. Tèmi ń pe yàrá tó ní àlejò ní òfìfo. Káàdì ṣí, fọ́tò ṣí, inú mi dùn, mo da fídíò ayẹyẹ náà sórí rẹ̀. Fídíò lọ jókòó sórí fọ́tò. Ohun tó kù nínú èyí tó dára jù ni iwájú orí ọmọ, ìyókù di eérú. Èmi ni mo jẹ̀bi, ẹni tó kọ patch kò ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bá wù mí.

Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ ṣe `lsblk -o NAME,FSTYPE,PARTLABEL`. Láti Android 6.0, fóònù lè sọ káàdì di ara inú rẹ̀, á sì fi kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú fóònù náà tì í pa. Tí ẹ bá rí `android_expand` nínú orúkọ partition, ẹ gbàgbé patch, kò sí kernel tí yóò kà á. Ẹ dá káàdì padà sínú fóònù, kí ẹ fi okùn USB kó fọ́tò jáde. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń ka káàdì nígbà náà, ó kàn ń fi MTP (ọ̀nà tí fóònù fi ń kó fáìlì gba orí USB) gbé fáìlì fún yín ni, kernel yín kò ní láti mọ exFAT. Tó bá jẹ́ pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń mú fóònù wá, mi ò rí ìdí tí ẹ fi máa ṣe jù báyìí lọ.

Tó bá jẹ́ káàdì nìkan ni wọ́n ń mú wá, ẹ fi `exfat-fuse` sí i, ètò tó ń ka exFAT láti ìta kernel. Kò yára, àmọ́ kò fọwọ́ kan kernel. Fún iṣẹ́ fọ́tò, ó tó.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ti inú kernel, ẹ mọ code tí ẹ ń mú. Microsoft gbé exFAT jáde ní 2006 pẹ̀lú Windows CE 6.0, fún àwọn ẹ̀rọ kéékèèké gan-an, ìlànà SDXC ti 2009 sì fi lé àwọn káàdì tó ju 32GB lọ. Ọ̀rọ̀ patent ni kò jẹ́ kó wọ Linux. Oṣù kẹjọ 2019 ni wọ́n tó tẹ àlàyé rẹ̀ síta. Kernel 5.4 gba code Samsung àtijọ́ kan sí staging (ibi tí code tí kò tíì gún ń wà), 5.7 yọ ìyẹn kúrò ní 2020, ó fi tuntun tí Samsung ṣe rọ́pò rẹ̀. Tuntun yìí ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dà á sínú 4.19 bẹ́ẹ̀, torí `fs_context`, ọ̀nà tuntun kan nínú kernel, ló fi ń ṣe mount (síṣí káàdì), ìyẹn ò sì tíì sí nígbà 4.19. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní linux-exfat-oot, tí wọ́n tò fún kernel àtijọ́. Ẹ compile module nìkan, pẹ̀lú `linux-headers-$(uname -r)`. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, iná ò ní lọ bá yín lẹ́nu ẹ̀.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tó gba ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́ mi. Tí `exfat-fuse` bá wà lórí ẹ̀rọ, `mount -t exfat` yóò lọ pe òun, kò ní dé ọ̀dọ̀ module yín. Mo ń yin iṣẹ́ ọwọ́ mi, FUSE ló ń ṣiṣẹ́! Ẹ lo `mount -i -t exfat`, kí ẹ wá wo `mount` lẹ́yìn náà: tó bá kọ `fuseblk`, kì í ṣe tiyín.

Ẹ má fi káàdì oníbàárà dán an wò. Ẹ ṣe fáìlì 1GB pẹ̀lú `truncate`, ẹ fi `mkfs.exfat` sórí rẹ̀, ẹ mount rẹ̀ pẹ̀lú `-o loop`, ẹ da nǹkan sí i, ẹ pa díẹ̀ rẹ́, ẹ tún da òmíràn, kí ẹ umount, kí ẹ ṣe `exfatfsck`. Ibi píparẹ́ yẹn ni tèmi ì bá ti tú sí mi lọ́wọ́. Káàdì gidi, `-o ro` ni kí ẹ máa fi ṣí i, ẹ̀yin kúkú fẹ́ kà ni, ẹ ò fẹ́ kọ.

Tí insmod (àṣẹ tó ń gbé module wọ kernel) bá ní "Required key not available", Secure Boot ni, ààbò tó ń kọ module tí wọn kò fọwọ́ sí. Tó bá ní "Invalid module format" lẹ́yìn apt upgrade, kernel ti yí nọ́ńbà padà, ẹ tún un compile tàbí kí ẹ gbé e fún DKMS, ètò tó ń tún module compile fúnra rẹ̀ bí kernel bá yí padà.

Tí hunk kankan bá sì kọ̀, ẹ lẹ `.rej` náà síbí ká jọ wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.