Antivirus wo ni kí n tún fi kún mẹ́ta tó wà níbẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà tí èmi àti àwọn ọmọ jọ ń lò nílé ti kó fáírọ́ọ̀sì. Ojú-ewé tí mi ò pè ló ń ṣí fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì ti di ìgbín. Mo ti fi antivirus méjì sí i. Ẹ̀kẹta jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí mo ń wá fíìmù wò, ó ní fáírọ́ọ̀sì 312 ló wà níbẹ̀, mo gbà kó wọlé, ó wá ní kí n sanwó kí òun tó lè pa wọ́n. Àwọn méjì tó kù ní kò sí nǹkan kan. Èwo ni kí n gbà gbọ́, èwo ni kí n sì fi ṣe ìkẹrin?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má fi ìkẹrin sí i. Ẹ má sì sanwó fún ẹ̀kẹta. Tí ẹ bá ti san án, ẹ pe báńkì yín kí ẹ tó ka èyí tó kù, kí wọ́n ti káàdì náà pa.

Irú ìbéèrè yìí ń wọlé sí mi lemọ́lemọ́, ó sì máa ń dùn mí, nítorí àwọn tó ń bi mí kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ti gbìyànjú, wọ́n ti náwó, wọ́n ti ṣàìsùn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà ò yàtọ̀ síra: wọ́n rò pé antivirus dà bí ọdẹ tí à ń gbà sẹ́nu géètì, pé bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rù á ṣe ba olè tó. Antivirus ò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo fáìlì tí ẹ bá fẹ́ ṣí, ì báà jẹ́ fọ́tò, ì báà jẹ́ lẹ́tà, antivirus ló máa kọ́kọ́ dì í mú, á yẹ̀ ẹ́ wò, kó tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín. Tí ẹ bá wá fi méjì sí i, àkọ́kọ́ á nawọ́ mú fáìlì, ìkejì náà á nawọ́ mú un. Bí ìkejì ṣe ń ṣí i láti yẹ̀ ẹ́ wò, àkọ́kọ́ á kà á sí pé ẹlòmíì tún ń ṣí fáìlì, á tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ wo fọ́tò kan ṣoṣo, ẹ ó jókòó tì í. Kò tán síbẹ̀. Antivirus kọ̀ọ̀kan ní àhámọ́ tó ń kó àwọn fáírọ́ọ̀sì tó bá mú sí. Ìkejì lè dé ibẹ̀, kó rí wọn, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ìdí nìyẹn tí Microsoft Defender, tó máa ń bá Windows 10 àti 11 wá láti ìpilẹ̀, fi máa ń yẹ̀bá fúnra rẹ̀ nígbà tí antivirus mìíràn bá wọlé. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé kò sáyè fún méjì. Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà yín ṣe di ìgbín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìjà àwọn méjì yìí ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀kẹta, òun ló sì ń bí mi nínú jù. Kì í ṣe antivirus rárá. Òun gan-an ni àrùn tí ẹ ń wá oògùn sí. Ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ò lójú tó fi lè wo inú kọ̀ǹpútà yín ka fáírọ́ọ̀sì. Browser, ìyẹn ètò tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kì í jẹ́ kí ojú-ewé fọwọ́ kan fáìlì yín àfi tí ẹ̀yin fúnra yín bá mú un fún un. 312 tí ẹ rí yẹn, ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀ bí ẹni kọ pátákó, kí àyà yín lè já, kí ẹ sì gba ètò rẹ̀ wọlé.

Ìyá kan gbé irú rẹ̀ wá fún mi. Nígbà tí mo tan kọ̀ǹpútà wọn, àmì pupa kan ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Mo mú fíláàṣì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù mọ́, tí fáìlì kankan ò sí nínú rẹ̀, mo kì í bọ̀ ọ́, mo ní kí ètò náà yẹ fíláàṣì yẹn nìkan wò. Ó kà á, ó kà á, ó ní fáírọ́ọ̀sì 47. Ó tilẹ̀ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọ fáìlì tí olúkúlùkù sá sí. Mo ṣí fíláàṣì náà níṣojú ìyá, òfìfo ni. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sanwó fún un.

Ẹ ní èwo ni kí ẹ gbà gbọ́. Àwọn méjì tó ní kò sí nǹkan kan ò purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n dúró sí ò jẹ́ kí ẹ̀rí wọn pé. Inú Windows tó ń ṣàìsàn ni wọ́n wà, ẹnu Windows yẹn náà ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tó wà nílé. Fáírọ́ọ̀sì tó bá ti rìn jìnnà lè mú kí Windows sọ pé fáìlì báyìí ò sí, antivirus á sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ìta la ti ń yẹ irú ẹ̀ wò. Ohun mìíràn tún ni pé ojú-ewé tó ń ṣí fúnra rẹ̀ kì í sábà jẹ́ fáírọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé ojú-ewé kan ti tọrọ àyè rí láti máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sí yín, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ sì tẹ Allow. Ó sì lè jẹ́ àfikún kan tó wọ inú browser. Antivirus lè fo irú wọn kọjá, torí ẹ̀yin lẹ fún wọn láyè.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ tèmi nìyí. Màá já kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, màá mú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ara rẹ̀ dá, màá fi pààrọ̀ password gbogbo, tí ímeèlì ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tún ti àwọn yòókù ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo èyí. Fáírọ́ọ̀sì òde òní ń kó password tí browser tọ́jú, ó sì ń kó cookie, ìyẹn fáìlì kékeré tó ń jẹ́ kí ojú-ewé rántí pé ẹ ti wọlé. Ẹni tó bá ní cookie yín lè wọlé láìmọ password, láìsí kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí fóònù. Torí náà, tí ẹ bá ti pààrọ̀ password tán, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń jáde lórí gbogbo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ pa fáírọ́ọ̀sì náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ohun tó ti jí lọ ò ní padà wá.

Ẹ wá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò. Defender á jí padà. Ẹ yọ gbogbo àfikún tí ẹ ò mọ̀ nínú browser, ẹ sì gba àyè ìfitónilétí kúrò lọ́wọ́ gbogbo ojú-ewé. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, ẹ tẹ Scan options, kí ẹ mú Microsoft Defender Offline. Kọ̀ǹpútà á kú, á tún tàn, á sì ṣe àyẹ̀wò kí Windows tó jí. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15. Tí BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti dísíìkì, bá wà lórí tiyín, ẹ wá recovery key rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn tó ń ṣí i, sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí ó lè béèrè rẹ̀.

Tí ojú-ewé bá ṣì ń ṣí lẹ́yìn èyí, ẹ má lé e mọ́. Ẹ tún Windows fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ẹ ti lo Media Creation Tool ti Microsoft, ìyẹn ètò tó ń gbé Windows sórí fíláàṣì, pẹ̀lú fíláàṣì tó tó 8GB ó kéré tán (gbogbo ohun tó wà lórí fíláàṣì náà máa parẹ́ o). Fọ́tò, fídíò àti lẹ́tà lẹ lè kó pamọ́. Ẹ má kó ètò kankan, pàápàá èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .exe, .msi tàbí .bat. Mo ti rí ẹni tó nu kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní láàárọ̀, tó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá fáírọ́ọ̀sì padà lálẹ́, nítorí géèmù ayédèrú kan tí kò fẹ́ pàdánù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìmúdójúìwọ̀n (update) Windows ni kí ẹ gbájú mọ́. WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó, tó jà káàkiri ayé ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, oṣù kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde. Àwọn tó ti gba àtúnṣe yẹn, ihò ọ̀hún ti dí lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Tó bá jẹ́ Windows 10 lẹ ń lò, ìtìlẹ́yìn rẹ̀ parí lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ lọ sí 11 tí ẹ̀rọ yín bá gbà á. Kí ẹ sì ṣí àkáǹtì tiwọn fún àwọn ọmọ, èyí tí kò ní agbára láti fi ètò sórí kọ̀ǹpútà láìsí password yín.

Mi ò tíì fojú rí kọ̀ǹpútà yín o, ohun tí ẹ kọ ni mo fi dáhùn. Tó bá jẹ́ ti ibi iṣẹ́, ẹ dá a padà fún àwọn tó ń bójú tó o. Tó bá sì jẹ́ pé orúkọ fáìlì yín ti yí padà, tí ìwé kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè owó, ẹ má nu ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ wo ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ No More Ransom, tí Europol (àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù), àwọn ọlọ́pàá Netherlands, Kaspersky àti ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ Intel Security nígbà náà dá sílẹ̀ lọ́dún 2016. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀fẹ́ tó ń ṣí fáìlì tí irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ tì pa wà níbẹ̀ fún irú kan, kò sí fún òmíràn.

Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ tún Windows fi sí i, kí ẹ tó nu dísíìkì, ẹ gbé ẹ̀dà tí ẹ kó pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí antivirus rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá ṣí fọ́tò bíi mẹ́wàá nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé wọ́n ṣí ni kí ẹ tó nu ti ilé.