Roger Williams wo lẹ ń wá?

ÌBÉÈRÈ: Mò ń lọ kí ọmọ mi tó ń kàwé ní Providence, Amẹ́ríkà. Mo fẹ́ dé ọgbà ìrántí Roger Williams, ẹni tó jà kí oníkálukú lè sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú. Ọmọ mi ní ọgbà ẹranko ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé sàréè rẹ̀ náà wà níbẹ̀? (Ìyá kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra ìrìnàjò o, mà. Ọgbà méjì lọmọ yín pa pọ̀. Roger Williams Park lẹranko wà, ní gúúsù ìlú, ó sì lé ní éékà 400. Ọgbà ìrántí ò ju éékà 4.5 lọ, bíi pọ́lọ́ọ̀tì 27 tá a bá fi 60 ní 120 tiwa ṣírò. Bẹ́ ẹ bá wọ takisí, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ Roger Williams, torí yunifásítì ń jẹ́ ẹ, ọsibítù ń jẹ́ ẹ. 282 North Main Street ni kẹ́ ẹ sọ. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Omi ló fa ọgbà náà síbẹ̀. Nígbà tí ilé ẹjọ́ Massachusetts lé Williams nílùú lọ́dún 1635, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Canonicus àti Miantonomi, àwọn olórí Narragansett, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ó sì tẹ̀dó sí ẹ̀bá ìsun kan lọ́dún 1636. Ẹ má retí omi tó ń ṣàn o. Wọ́n ti kọ́lé bo ìsun náà tipẹ́. Ojú kànga tí wọ́n fi òkúta tò ló wà níbẹ̀ báyìí. Adájọ́ Jerome Hahn ló fún ìlú nílẹ̀ ibẹ̀, ní ìrántí bàbá rẹ̀, Júù àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sípò ní Providence. Níbẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́ díẹ̀.

Sàréè ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n hú sàréè rẹ̀ lọ́dún 1860, gbòǹgbò igi ápù ni wọ́n bá, ó tẹ̀ kọrọdọ bí ẹsẹ̀ ènìyàn. Ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó kù wà lábẹ́ ère rẹ̀ ní Prospect Terrace, ọgbà kékeré kan lórí òkè ní Providence. Kò tó àtẹ̀gùn Ìdànrè, àmọ́ orúnkún á mọ̀ ọ́n lára.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé Baptist ni Williams? (Òǹkàwé, Oǹdó)

ÌDÁHÙN: Fún oṣù díẹ̀ ni. Ó wà lára àwọn tó dá ìjọ Baptist Providence sílẹ̀ lọ́dún 1638, ó sì kúrò láìpẹ́. Kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ àwọn Quaker, ìjọ Kristẹni mìíràn, rárá, ó tiẹ̀ bá wọn jiyàn ní gbangba lọ́dún 1672, ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n lé wọn.